Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀wọ́ Alájàpá Láàárín Ìlú Ọ̀tá Méjì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà oṣù yìí: bí a ṣe ń kọ ọ̀wọ́ alájàpá tó ń ti ìlú kan lọ sí ìlú tó ń bá a ṣọ̀tá, nínú ayé tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ dá. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú. Ayé yín lè jẹ́ àfinúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹran tó ru ẹrù kì í ṣe àfinúrò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mú òṣùwọ̀n wa lọ́wọ́ àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ní aṣálẹ̀ Sàhárà àti ní ilẹ̀ Éṣíà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Nínú ìtàn mi, Ìlú Iyọ̀ àti Ìlú Idẹ ti ń ṣọ̀tá láti ìran mẹ́ta. Aṣálẹ̀ ọjọ́ 12 ló là wọ́n láàárín, kò sí kànga kan lójú ọ̀nà. Ọ̀wọ́ Ìlú Iyọ̀ jẹ́ ràkúnmí 40 àti ènìyàn 30. Ẹ̀ṣọ́ 12 nínú wọn gun ẹṣin. Gbogbo ràkúnmí ló ru iyọ̀. Ẹnì kan tó bá mi kà á ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ló sọ? (Òǹkọ̀wé ìwé àkọ́kọ́)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ló sọ, ẹṣin ló sì tú àṣírí ìtàn náà.

Ràkúnmí tó lera lè ru kílò 150 sí 200 nínú ìrìn ọjọ́ púpọ̀. Ẹ lo 150, nítorí èyí tó bá ń ru 200 lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dégbò. Ràkúnmí 40 á wá ru kílò 6,000 lápapọ̀, ó sì jọ pé ó pọ̀. Ẹ wo ẹṣin báyìí. Nínú ooru, ẹṣin kan ń mu omi lítà 30 lóòjọ́, ó kéré tán, ó sì ń jẹ koríko àti ọkà tó kílò 9. Fún ọjọ́ 12, omi lítà 360 àti oúnjẹ kílò 108 nìyẹn. Kílò kan sì ni lítà omi kan, nítorí náà ẹrù ẹṣin kan di kílò 468, ti ẹṣin 12 di kílò 5,616. Ràkúnmí 38 nínú 40 yín ń ru omi àti koríko ẹṣin nìyẹn. Níbo ni iyọ̀ fẹ́ jókòó sí?

Ẹ sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ kalẹ̀, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn. Ó wá ku ènìyàn 30. Ẹni tó ń rìn nínú ooru láti ìdájí kò lè mu omi, kó tún fi se oúnjẹ, kó má gba lítà 5 lóòjọ́. Ẹ fi 5 sọ 30 di púpọ̀, kí ẹ tún fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀: lítà 1,800. Ẹ fi ti ọjọ́ 3 kún un, torí ìjì iyanrìn lè dá wọn dúró, àpò awọ tí wọ́n ń rọ omi sí sì máa ń jò, oòrùn náà á sì máa fà nínú rẹ̀. Ó di lítà 2,250, ìyẹn ẹrù ràkúnmí 15. Oúnjẹ wọn, kílò kan fún ẹnì kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 15, jẹ́ kílò 450: ràkúnmí 3. Àgọ́, ìkòkò, igi ìdáná àti okùn gba ràkúnmí 2. Ràkúnmí fúnra wọn lè fi ọ̀rá iké wọn rìn díẹ̀, àmọ́ fún ọjọ́ 12 lábẹ́ ẹrù, níbi tí kò ti sí ewéko, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kílò 2 lóòjọ́. Kílò 960 nìyẹn: ràkúnmí 7. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27. Mẹ́tàlá péré ló ṣẹ́ kù fún iyọ̀, kílò 1,950.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀nà ti dí, ẹ ṣe nǹkan méjì. Ẹ gbẹ́ kànga kan sí ọjọ́ kẹfà, kí ẹ sì dín ènìyàn kù. Ẹnì kan lè da ràkúnmí 4 tàbí 5, nítorí náà darandaran 10 tó fún 40. Ẹ fi afinimọ̀nà kan, oníṣòwò 3 àti ẹ̀ṣọ́ 4 kún wọn, ó di 18. Omi ọjọ́ 6 pẹ̀lú ti ọjọ́ 2 àpọ̀jù fún ènìyàn 18 jẹ́ lítà 720: ràkúnmí 5. Oúnjẹ gba 2, àgọ́ gba 2, oúnjẹ ẹran gba 7. Ràkúnmí 24 ló wá ṣẹ́ kù fún iyọ̀, kílò 3,600. Kànga kan àti ènìyàn 12 tí ẹ yọ kúrò ló fi ẹrù ràkúnmí 11 kún ọjà yín.

Ẹ má gbàgbé àsìkò. Lásìkò òtútù, ràkúnmí lè rin ọjọ́ 12 láì mumi. Nígbà ooru gan-an, lábẹ́ ẹrù, ọ̀sẹ̀ kan ti ń ṣòro. Bí ìtàn yín bá fi dandan bẹ̀rẹ̀ nínú ooru, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ọjọ́ kẹjọ, kí ẹ sì sọ ẹrù ta ni wọ́n kọ́kọ́ dà nù. Ibẹ̀ ni ìjà yóò ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn oníṣòwò mẹ́ta náà, kì í ṣe láàárín ìlú méjì.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń darí eré orí tábìlì, irú èyí tí olúkúlùkù ti ń ṣe ẹ̀dá ìtàn kan, fún ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin. Mo fẹ́ kí ọ̀wọ́ ìlú méjèèjì pàdé nídìí kànga, kí wọ́n fa idà yọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti sú àwọn. Kí ni mo lè fi rọ́pò rẹ̀? (Olùdarí eré)

ÌDÁHÙN: Ẹ fi kànga náà sílẹ̀ níbi tó wà, idà ni kí ẹ yọ kúrò. Ẹ ṣírò àkókò tí fífa omi ń gbà, ẹ ó sì rí i pé ìjà ti wà nínú rẹ̀.

Ràkúnmí tí òùngbẹ ti gbẹ lè mu lítà 100 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 40 mu lítà 80 lọ́kọ̀ọ̀kan: lítà 3,200. Bí ìfami aláwọ bá gba lítà 15, a ó fà á nígbà 214. Nínú kànga tó jìn tó mítà 30, fífà kan, dídà á sínú ọpọ́n, àti dídá okùn padà ń gba ìṣẹ́jú 2 bí ọwọ́ bá yá. Wákàtí 7 nìyẹn fún ọ̀wọ́ kan, láì tíì rọ omi sínú àpò awọ ènìyàn, èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ti ẹran kí omi má baà dàrú. Ọ̀wọ́ kejì tó dé ní ìrọ̀lẹ́ á wo ẹ̀yìn àwọn ọ̀tá rẹ̀ títí di òru. Ẹrẹ̀ ni ìfami tirẹ̀ sì máa gbé jáde, nítorí omi inú kànga nílò wákàtí púpọ̀ kó tó tún sun padà. Ọ̀wọ́ tó bá kọ́kọ́ dé ti jèrè ọjọ́ kan, ẹni tó bá sì ṣáájú wọ ọjà pẹ̀lú iyọ̀ ló ń sọ iye tí iyọ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ yín máa bára wọn dù ni wákàtí. Ṣé kí wọ́n rìn lóru méjì láì sùn kí wọ́n lè ṣáájú? Ṣé kí wọ́n rán ènìyàn méjì ṣíwájú láti ju okùn sínú kànga, kí wọ́n lè sọ pé àwọn ló kọ́kọ́ débẹ̀? Okùn náà ni kí ẹ tún wò dáadáa. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé okùn àti ìfami tirẹ̀ rìn, etí òkúta kànga sì máa ń pá okùn títí yóò fi já. Kànga mítà 40 àti okùn mítà 30, òùngbẹ ni. Ẹni tó bá jí okùn ọ̀tá rẹ̀ gbé lóru ti ṣe ohun tí ẹ̀ṣọ́ 50 kò lè ṣe, kò sì ta ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sílẹ̀.

Sísọ òkú ẹran sínú kànga tàbí dídí i pẹ̀lú iyanrìn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí lójú ogun, ṣùgbọ́n oníṣòwò kì í sábà ṣe é, nítorí ọ̀nà yẹn kan náà ló máa gbà padà sílé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kànga sábà máa ń ní onílẹ̀: àwọn darandaran tí wọn kì í ṣe ọmọ ìlú kankan nínú méjèèjì. Ẹ fi wọ́n sínú eré yín. Ẹni kẹta tó lè sọ pé "ẹ̀yin kò ní mu níbí mọ́ títí ọdún mẹ́ta" lágbára ju ọba méjèèjì lọ nínú aṣálẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé afinimọ̀nà ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Akíkanjú ìtàn mi mọ ìràwọ̀ dáadáa. (Òǹkàwé kan)

ÌDÁHÙN: Ìràwọ̀ á fi ìhà àríwá hàn án. Kò lè sọ fún un pé òkìtì iyanrìn ti ṣí kúrò níbi tó wà lọ́dún tó kọjá, tàbí pé kànga ọjọ́ kẹfà ti gbẹ. Nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, la Sàhárà kọjá ní 1352, láti Sijilmasa ní Mòrókò lọ sí Walata, ìlú kan ní gúúsù aṣálẹ̀ náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀wọ́ àwọn gba amọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní takshif, ọmọ ẹ̀yà Massufa tó ń gbé aṣálẹ̀ náà, ní 100 mithqal wúrà (mithqal kan wúwo tó nǹkan bí gíráàmù mẹ́rin). Iṣẹ́ takshif kì í ṣe láti máa ṣáájú àwọn ẹran nìkan. Ó máa ń dá nìkan lọ ṣáájú sí Walata pẹ̀lú lẹ́tà, kí àwọn ojúlùmọ̀ oníṣòwò tó wà níbẹ̀ lè gba ilé sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sì gbé omi wá pàdé wọn ní ìrìn òru mẹ́rin sí ìlú. Bí takshif bá kú lọ́nà, ìlú kò ní mọ̀ pé ọ̀wọ́ kan ń bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè ṣòfò.

Ẹ rò ó wò nínú ìtàn tó ní ìlú ọ̀tá méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ru ìwàláàyè gbogbo ọ̀wọ́ dání, ó sì dá nìkan wà láàárín aṣálẹ̀. Kò sí ìdí fún ọ̀tá láti kọlu ràkúnmí 40.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn ọmọ Ìlú A dé ẹnu ibodè Ìlú B. Mo kọ ọ́ pé wọ́n san owó ibodè, wọ́n sì wọlé. Olóòtú mi ní ojú ewé yẹn gbẹ. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀? (Akọ̀tàn)

ÌDÁHÙN: Ó yẹ kí ojú ewé yẹn gùn ju ti aṣálẹ̀ lọ, nítorí ibodè ni ìṣọ̀tá ìlú méjì ti máa ń di owó.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí oníbodè ń kà. Lọ́dún 137 lẹ́yìn ìbí Krístì, ìgbìmọ̀ ìlú Palmyra ní Síríà gbẹ́ òfin owó ibodè wọn sára òkúta ní èdè Gíríìkì àti èdè Aramaic ti ìlú náà. Ẹrù ràkúnmí àti ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Òróró olóòórùn dídùn ẹrù ràkúnmí kan tó bá wà nínú ìgò òkúta alabásítà ń san 25 denarii, ìyẹn owó fàdákà Róòmù, èyí tó wà nínú awọ ewúrẹ́ ń san 13. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ìlànà kọ̀ọ̀kan ló ń bí irú ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí ìlú bá ń gba owó lórí iye ẹran, àwọn alájàpá á dúró ní ibùsùn tó kẹ́yìn, wọ́n á kó ẹrù ràkúnmí 40 lé 30 lórí, wọ́n á sì da mẹ́wàá tó ṣófo síta pẹ̀lú darandaran méjì. Àwọn 30 yẹn á ru kílò 200 wọlé. Fún ìrìn wákàtí méjì péré, ẹ̀yìn wọn á gbà á. Bí ó bá jẹ́ ohun tí a rọ ọjà sí ni wọ́n ń kà, wọ́n á tú òróró sínú awọ kí wọ́n tó dé ibodè, wọ́n á dà á padà sínú ìgò lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé, díẹ̀ á sì ṣòfò lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ iye owó ọjà ni, aṣọ olówó iyebíye á sùn sínú aṣọ yẹpẹrẹ, oníbodè á sì ní ọ̀pá irin gígùn tó fi ń gún ìdì ẹrù wò. Òfin tó dàgbà ti rí gbogbo èyí, ó sì ti ní ìdáhùn: owó kékeré lórí ẹran òfìfo, èdìdì lẹnu àpò láti ibùsùn tó kẹ́yìn, àti ìdá kan nínú ọjà fún ẹni tó bá tú àṣírí. Ẹ yan ìlànà kan fún ìlú yín, ẹ jẹ́ kí ẹ̀tàn rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ ìwọlé fúnra rẹ̀ máa ń rí báyìí. Ọ̀wọ́ á dúró sí ìta odi kí oòrùn tó wọ̀, torí ibodè kì í ṣí lóru. Olórí wọn á gbé ìwé àṣẹ ọba ìlú náà jáde, wọ́n á sì yẹ èdìdì rẹ̀ wò. Wọ́n á gba ohun ìjà, wọ́n á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á ka ẹrù. Lẹ́yìn náà ni onílé kan, ọmọ ìlú náà, á wá dúró fún wọn. Òun ni wọ́n máa mú bí àlejò bá sá tàbí bí ó bá jẹ gbèsè, òun náà ló sì ń jẹ owó lórí ohun tí wọ́n bá tà. Ọmọ ìlú ọ̀tá kì í bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní tààràtà. Alárinà ló ń sọ ọ́.

Ìlú tó ń fura kì í dúró síbẹ̀. Ní Alexandria àtijọ́, ní Íjíbítì, ilé ńlá tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń gbé ni wọ́n ń tì mọ́ wọn lórí lálẹ́. Ní Venice ní Ítálì láyé ìgbà náà, ilé kan ṣoṣo ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Jámánì gbọ́dọ̀ wọ̀ sí, níbi tí ìlú ti ń rí gbogbo ohun tí wọ́n bá rà tàbí tà. Ẹ tì wọ́n mọ́lé bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá wo ohun tí àwọn akọni yín máa ṣe láàárín ilẹ̀kùn ìrọ̀lẹ́ sí ti àárọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Dípò ràkúnmí, mo fẹ́ kí ìlú kan máa lo alángbá ńlá, ìlú kejì sì ní oṣó tó lè fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́. Ṣé ẹ kò ní bínú? (Ọmọ ayé àfinúrò)

ÌDÁHÙN: A ò bínú rárá. Ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ wa jù.

Ẹran yòówù kí ẹ dá, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ nípa rẹ̀ kí ẹ tó kọ ìlà ìtàn kankan: ẹrù tó lè rù, omi tó ń mu, oúnjẹ tó ń jẹ, àti ohun tí kò lè ṣe láéláé. Òǹkọ̀wé sábà máa ń fo ìkẹrin yẹn, òun ló sì ń bí ìtàn.

Ẹ wo alángbá. Ara rẹ̀ kì í dá gbóná, oòrùn ló ń mú un gbóná. Àǹfààní ńlá wà níbẹ̀: alángbá ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ tí ẹran afọ́mọlọ́mú tó wúwo tó o ń jẹ. Ràkúnmí 7 tó ń ru oúnjẹ ẹran nínú ìṣirò wa ti àkọ́kọ́ lè dín sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ tútù kò lè dìde. Alángbá tó tóbi tó ràkúnmí á nà gbalaja sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta kó tó lè gbé ẹsẹ̀. Kò lè rìn lóru. Bákan náà, ọ̀pọ̀ alángbá kì í lè sáré kí wọ́n sì máa mí dáadáa nígbà kan náà, torí iṣan ìhà tí wọ́n fi ń mí ni ara wọn tún fi ń yí bí wọ́n ti ń rìn. Nítorí náà á rìn, á dúró, á tún rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́, ara rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì, ẹrù gíga á wó lórí rẹ̀. Ẹ di ẹrù mọ́ ìhà rẹ̀ nísàlẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kó máa wọ́ ọ lórí igi gígùn méjì.

Ẹ wá gbé e síwájú ọ̀wọ́ ràkúnmí, tí òru ni ó wù wọ́n láti rìn nígbà ooru. Ìlú méjì tó ń lo ọ̀nà kan náà, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lóru. Wọn kì í ríra àfi ní ìdájí, nídìí kànga, nígbà tí ràkúnmí ti rẹ̀, tí alángbá kò sì tíì lè gbéra. Ẹ kò nílò àlàyé kankan lórí ìdí tí ìlú méjèèjì fi kórìíra ìdájí.

Ní ti oṣó omi, kànga tó ń rìn ni. Ẹ bi ara yín pé lítà mélòó lóòjọ́. Bí ó bá jẹ́ lítà 50, ènìyàn 10 ló lè bọ́, kò tó ohun à ń pariwo lé lórí. Bí ó bá jẹ́ 500, ìlú tirẹ̀ kò nílò kànga ọjọ́ kẹfà mọ́, àwọn darandaran tó ni kànga náà á sì pàdánù ohun tí wọ́n ń jẹ. Àwọn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá oṣó. Bí ó bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kẹrin ńkọ́? Ọ̀wọ́ tó gbọ́kàn lé e, tí kò gbé àpò awọ kankan, ti kú nìyẹn. Olórí ọ̀wọ́ tó mọṣẹ́ á ṣì gbé omi ọjọ́ mẹ́ta dání, oṣó náà á sì máa bínú pé wọn kò fọkàn tán òun.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni wọ́n ṣe ń so ràkúnmí pọ̀, kí ló sì ń bàjẹ́ jù? (Òǹkàwé tó fẹ́ràn nǹkan kéékèèké)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yìn ló ń bàjẹ́ jù. Ẹrù gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Bí apá kan bá fi kílò 10 wúwo ju ìkejì, gàárì á máa yẹ̀, á máa pá awọ, tó bá sì di ọjọ́ kẹta egbò ti dé. Egbò yẹn kì í jinná lábẹ́ ẹrù. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi rọrùn láti rù: ní Taghaza, ibi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ ní Sàhárà láyé àtijọ́, pátákó iyọ̀ ńláńlá méjì ni ẹrù ràkúnmí kan, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ràkúnmí ti kúnlẹ̀ ni a ti ń dì í, ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí apá kan má baà ṣáájú. Gbogbo alẹ́ ni a ń sọ ọ́, tí a ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹran wò.

Okùn imú ràkúnmí kan ni a ń so mọ́ ẹrù èyí tó ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú fọ́nrán tín-ín-rín kan láàárín tó lè tètè já. Bí ẹran bá ṣubú, kí okùn já, kí imú má ya. Ní àárín Éṣíà, èyí tó kẹ́yìn máa ń ní agogo lọ́rùn. Darandaran tó wà níwájú kì í bojú wẹ̀yìn. Bí kò bá gbọ́ agogo mọ́, ó ti mọ̀ pé okùn já níbì kan. Olè tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tú agogo, á gbé e lọ́wọ́, á sì máa rìn tẹ̀ lé wọn bó ti ń mì ín, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń da ràkúnmí lọ.

Òkúta mímú máa ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí títí yóò fi lu. Wọ́n ń rán awọ mọ́ ọn bí ẹni ń lẹ bàtà. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ tútù á yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ á yà sọ́tọ̀, ìdí á sì fà ya. Iyọ̀ náà kò ní dúró de òjò.

ÌBÉÈRÈ: Ìrìn kìlómítà mélòó lóòjọ́? (Olùdarí eré mìíràn)

ÌDÁHÙN: Ràkúnmí tó ru ẹrù, 30 sí 40. Ìbaaka, 25 sí 30, pẹ̀lú ẹrù kílò 100. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, 20 sí 25, pẹ̀lú kílò 50 sí 60. Kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, 15 sí 20, tí ọ̀nà bá dára. Ènìyàn tó ru kílò 25, nǹkan bí 20. Ọ̀wọ́ tó kó wọn pọ̀ á rìn ní ìwọ̀n èyí tó lọ́ra jù. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé tí àwọn alájàpá á máa wọ̀ sí sójú ọ̀nà, ẹ fi ìrìn ọjọ́ kan sí àárín wọn: odi gíga, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ràkúnmí tòun tẹrù lè gbà wọlé, kànga nínú àgbàlá, ẹran àti ẹrù nísàlẹ̀, ènìyàn lókè.

ÌBÉÈRÈ: Ọba ìlú méjèèjì ti fi ikú de ẹnikẹ́ni tó bá bá ọ̀tá sọ̀rọ̀. Mo ṣì fẹ́ kí iyọ̀ kọjá sí òdìkejì. Ṣé ọ̀nà wà? (Òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé)

ÌDÁHÙN: Ó wà, ó sì ti pẹ́. Ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Krístì, Herodotus, òpìtàn ará Gíríìkì, kọ ọ́ pé àwọn ará Carthage, ìlú kan ní àríwá Áfíríkà, ń bá àwọn ènìyàn kan ṣòwò ní etíkun Áfíríkà láì bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á to ọjà sí etí omi, wọ́n á padà sínú ọkọ̀, wọ́n á rú èéfín. Àwọn onílẹ̀ á wá, wọ́n á gbé wúrà kalẹ̀, wọ́n á sì sún sẹ́yìn. Bí wúrà bá tó, àwọn ará Carthage á kó o lọ. Bí kò bá tó, wọ́n á padà sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n á dúró, títí àwọn yẹn á fi fi kún un.

Fún ìlú yín, ẹ mú ibì kan tí àwọn méjèèjì lè rí láti òkèèrè, kí ẹ sì ṣètò àmì mẹ́ta: a ti gbé e kalẹ̀, kò tó, ó tó. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni òṣùwọ̀n, nítorí ìwọ̀n ìlú kan kì í ṣe ìwọ̀n ìlú kejì. Ẹ fi òkúta ìwọ̀n kan sí ibẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé kúrò. Olè kò wọ́pọ̀ bí ẹ ti rò, torí ẹni tó bá jí ọjà lẹ́ẹ̀kan kò ní rí iyọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Owó tí ẹ máa fi lé iyọ̀ náà ńkọ́? Ibn Battuta ní ẹrù iyọ̀ tó jẹ́ 8 sí 10 mithqal ní Walata ń di 20 sí 30 ní olú ìlú Mali, nígbà mìíràn 40. Ẹ jẹ́ kí iye náà di ìlọ́po mẹ́ta láti ìlú kan sí ìkejì. Èrè tó tó bẹ́ẹ̀ tó láti mú kí ènìyàn kọtí sí òfin ọba, pàápàá bí àwọn tó ń ṣọ́ ibi ìpàrọ̀ náà bá ń gba pátákó kan nínú ogún.